Ipa Tí Ìdùbúlẹ̀ Ń Kó Nínú Ìhanrun àti Èémí Dídí Lójú Oorun: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Olùkọ́ àti Àwọn Tí Ó Ń Kọ́ Olùkọ́

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé oorun àsùngbádùn ni ẹni tí ó ń hanrun ń sùn. Bébà yìí ṣàlàyé pé àmì ọ̀nà èémí tí ó ti fún ni ìhanrun, àti pé nígbà mìíràn ọ̀nà náà a máa dí pátápátá. A lo orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ìfọ̀ tí a fi ń kọ́ fònẹ́tíìkì Yorùbá láti sọ ìdí tí ìfẹ̀yìnlélẹ̀ fi ń dí ọ̀nà yìí, tí ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀ sì fi ń là á. A wo ohun tí ìwádìí ti fi hàn láti ọdún 1984, ohun tí ènìyàn lè ṣe nílé, àti àwọn tí ìmọ̀ràn yìí kò bá mu, pàápàá ọmọ ọwọ́. A wá dá àbá lórí bí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ṣe lè mú ìmọ̀ yìí dé iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

1.0 Ìfáárà

Bí akẹ́gbẹ́ méjì bá jọ sùn ní yàrá kan nígbà ìpàdé àpérò, ọ̀rọ̀ ìhanrun ni ó sábà máa ń ṣíwájú nídìí oúnjẹ àárọ̀. Ọ̀kan a ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹ́ kí n fojú ba oorun lánàá o. Àfi ìgbà tí mo tì yín kí ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni ẹ tó dákẹ́." Àwọn tó kù a rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ a sì tán síbẹ̀.

Ìbéèrè gidi wà nínú ẹ̀fẹ̀ yìí. Ẹni kan náà ni, bẹ́ẹ̀dì kan náà ni, oorun kan náà ni. Ìdùbúlẹ̀ nìkan ni ó yí padà, ariwo sì dáwọ́ dúró. Kí ni ìdí rẹ̀?

Nígbà mìíràn ohun tí ẹni tí a jọ sùn máa ń ròyìn ju ariwo lọ. Yóò ní, "Ìhanrun yín kàn dákẹ́ lójijì. Mo ń retí kí ẹ mí, ẹ ò mí. Ìgbà tó ṣe, ẹ wá mí sínú tagbáratagbára bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú omi." Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àìsàn kan ni, tí àwọn dókítà ń pè ní sleep apnea. A ó máa pè é ní èémí dídí lójú oorun nínú bébà yìí.

Láàrin àwa Yorùbá, kì í rọrùn láti ka ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lóru sí ọ̀rọ̀ ara lásán. Aina àti Famuyiwa kọ̀wé ní ọdún 2007 lórí ohun tí a ń pè ní ogun òru, ìyẹn ìdààmú ojú oorun tí àwọn ènìyàn máa ń kà sí iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Èémí dídí kọ́ ni wọ́n kọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn rán wa létí pé ẹni tí ó ń ta jí lóru pẹ̀lú ọ̀fun tí ó dí lè máa wá ọ̀tá kiri, nígbà tí ó jẹ́ pé ahọ́n ara rẹ̀ ni ó ń dí i lọ́nà. Bí olùkọ́ kò bá mọ èyí, ta ni yóò sọ ọ́ fún ọmọ àti òbí?

2.0 Ọ̀nà Èémí Gẹ́gẹ́ Bí A Ti Mọ̀ Ọ́n Nínú Fònẹ́tíìkì

Àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ti ní àwòrán tí a nílò lọ́wọ́. Àwòrán ẹ̀yà ara ìfọ̀ tí a máa ń yà sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE náà ni. Ẹ̀dọ̀-fóóró ni orísun èémí. Láti ibẹ̀ ni èémí ti ń gba kòmóòkun gòkè wá sí gògóńgò, tí ó sì ń wọ káà ọ̀fun kí ó tó yà sí káà ẹnu tàbí káà imú. Bí a bá ń mí sínú, ọ̀nà yìí kan náà ni atẹ́gùn ń tọ̀ padà.

Kòmóòkun ní egungun rírọ̀ tí ó yí i ká, nítorí náà kì í pa dé. Àjà ẹnu le. Káà imú ní egungun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Káà ọ̀fun nìkan ni kò ní ohun líle tí ó gbé e dúró. Àfàsé àti bẹ́lúbẹ́lú ni ó rọ̀ sílẹ̀ sí i lókè, ẹ̀yìn ahọ́n ni ó wà níwájú rẹ̀, ẹran ara ọ̀fun sì ni ó wà lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣan ni ó ń là á sílẹ̀. Nígbà tí a bá lajú sílẹ̀, àwọn iṣan yìí kì í sinmi. Wọ́n ń fa ahọ́n síwájú, wọ́n sì ń di àfàsé mú, láìjẹ́ pé a mọ̀.

A máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ahọ́n jẹ́ afipè àsúnsí, pé àfàsé sì jẹ́ afipè akànmọ́lẹ̀ nígbà tí a bá pe [k] àti [g]. Ẹ̀yìn ahọ́n a gbéra, a kan àfàsé, a dí èémí pátápátá, lẹ́yìn náà ni a ó ṣí i. Ìdí tí a fi ń pè wọ́n ní kọ́ńsónáǹtì àsénupè nìyẹn. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí èémí rẹ̀ ń dí lójú oorun kò jìnnà sí èyí. Ibi tí àsénupè ti ń gba ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó ọ̀kan, ìdíwọ́ ojú oorun lè gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ogún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

3.0 Ohun Tí Ó Ń Ṣẹlẹ̀ Lójú Oorun

Bí oorun bá ti gbé wa lọ, iṣan ọ̀fun a dẹ̀. Ọ̀nà èémí a fún díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ààyè tí ó kù tó èémí kọjá, wọn yóò sì sùn di àárọ̀. Fún ẹlòmíràn, ààyè náà kéré láti ilẹ̀: ó lè jẹ́ pé ó sanra lọ́rùn, pé àgbọ̀n rẹ̀ kéré, pé ẹran ọ̀fun rẹ̀ tóbi, tàbí pé imú rẹ̀ ti dí.

Níbi tí ọ̀nà bá ti fún, atẹ́gùn a yára. Eré rẹ̀ yìí ni ó ń mú kí àfàsé àti bẹ́lúbẹ́lú máa gbọ̀n, bí àsíá ṣe ń fẹ́ nínú ìjì. Ìgbọ̀n náà ni ìhanrun.

Bí ọ̀nà bá tún fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè dí. Ẹ wo ọ̀rá omi tí a ń tà ní ìgboro. Bí ènìyàn bá gé etí rẹ̀, tí ó fi ẹnu fà á gidigidi, ọ̀rá náà a sún pọ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì a lẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá líle ni, kò ní sún pọ̀. Ọ̀fun tí iṣan rẹ̀ ti dẹ̀ dà bí ọ̀rá yẹn: agbára tí àyà fi ń fa èémí wọlé náà ni ó tún ń fa ògiri ọ̀fun mọ́ra. Àyà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò wọlé. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ọpọlọ a fura, a ta ènìyàn jí díẹ̀, iṣan a le padà, ọ̀nà a là pẹ̀lú èémí líle kan. Ẹni náà a tún sùn, gbogbo rẹ̀ a sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lóru kan, kí ẹni tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí má sì rántí ẹyọ kan nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Àwọn dókítà a máa ka iye ìgbà tí èémí dí, tàbí tí ó dínkù gidigidi, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ó kéré tán, ní wákàtí kan. Bí kò bá tó 5, kò sí ìṣòro fún àgbàlagbà. Láti 5 títí dé ìsàlẹ̀ 15, àìsàn náà kò tíì le. Láti 15 títí dé ìsàlẹ̀ 30, ó wà ní agbede-méjì. Láti 30 lọ, ó ti le. Ẹni tí a kò bá tọ́jú lè máa jí pẹ̀lú orí fífọ́, kí ó máa tòògbé lọ́sàn-án, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ru, kí ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ sì pọ̀ sí i.

4.0 Ìdí Tí Ìdùbúlẹ̀ Fi Ṣe Kókó

4.1 Ìfẹ̀yìnlélẹ̀. Bí a bá dùbúlẹ̀ tí a kọjú sókè, òòfà ilẹ̀ ń fa ahọ́n, àgbọ̀n, àfàsé àti bẹ́lúbẹ́lú lọ sẹ́yìn, tààrà sí ògiri ọ̀fun. Èkejì, ikùn a tì sókè sí àyà, afẹ́fẹ́ tí ó ń kù nínú ẹ̀dọ̀-fóóró a dínkù. Ẹ̀dọ̀-fóóró tí ó kún dáadáa máa ń fa kòmóòkun wálẹ̀ díẹ̀, ìfà yìí sì ń mú kí ògiri ọ̀fun le. Bí ó bá dínkù, ọ̀fun a túbọ̀ rọ̀. Ohun méjì yìí ló pàdé ní ojú kan.

4.2 Ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀. Òòfà ilẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ó ń fa ahọ́n sí báyìí, kì í ṣe ẹ̀yìn ọ̀fun. Ààyè tí ó wà láàrin ẹ̀yìn ahọ́n àti ògiri ọ̀fun a ṣí. Ìdáhùn ìbéèrè orí tábìlì oúnjẹ nìyẹn: ìgbà tí akẹ́gbẹ́ ti ẹ̀gbọ́n kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ahọ́n ni ó gbé kúrò lójú ọ̀nà.

4.3 Ìdojúdélẹ̀. Èyí náà ń mú ahọ́n kúrò lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ń ni ọrùn lára, kò sì rọrùn fún ẹni tí ó sanra. A kì í sábà gba àgbàlagbà níyànjú láti sùn bẹ́ẹ̀.

4.4 Orí àti ọrùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń to ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta léra, tí wọ́n rò pé wọ́n ń ran èémí lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ orí nìkan ni ìrọ̀rí náà gbé sókè, àgbọ̀n a tẹ̀ mọ́ àyà, ọ̀nà a túbọ̀ fún. Ohun tí ó dára ni kí gbogbo òkè ara, láti ìbàdí dé orí, gòkè díẹ̀. A lè ki pákó tàbí bíríkì tí kò lè yẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ní ìhà orí.

4.5 Omi ara. Ẹni tí ó dúró tàbí tí ó jókòó látàárọ̀, bí olùkọ́ àti awakọ̀, a máa ní omi tí ó ti sọ̀ sí ẹsẹ̀. Bí ó bá dùbúlẹ̀ lóru, díẹ̀ nínú omi yìí a gòkè lọ sí ọrùn, a sì mú kí ẹran ọ̀fun wú. Ìrìn díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ń ṣe ìrànwọ́.

5.0 Ohun Tí Ìwádìí Fi Hàn

Ní ọdún 1984, Rosalind Cartwright, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde tí ó ya iye ìdíwọ́ èémí nígbà ìfẹ̀yìnlélẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀. Ìlànà tí ó fi lélẹ̀ ni a ṣì ń lò: bí ìdíwọ́ nígbà tí ènìyàn fẹ̀yìn lélẹ̀ bá tó ìlọ́po méjì ti àwọn ìdùbúlẹ̀ yòókù, àìsàn ẹni náà jẹ́ èyí tí ìdùbúlẹ̀ ń darí. Ní ọdún 1997, Oksenberg àti àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì yẹ àwọn aláìsàn tí ó lé ní 500 wò, wọ́n sì rí i pé ó lé ní ìdajì wọn tí ó bọ́ sí abẹ́ ìlànà yìí. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà sanra tó àwọn yòókù, àìsàn tiwọn kì í sì í sábà le tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò tí àwa fúnra wa gbé kalẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkùnrin kan ń ní ìdíwọ́ 40 ní wákàtí kan bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, àti 10 bí ó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí ó bá sùn fún wákàtí mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́nà kìíní, mẹ́rin lọ́nà kejì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 160 àti 40, ìyẹn 200. Tí a bá fi 8 pín in, a ó ní 25. Bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà, iye náà a di 32.5. Bí ó bá jẹ́ wákàtí méjì péré ni ó fẹ̀yìn lélẹ̀, a ó ní 17.5. Ara kan náà ni, ọ̀fun kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní "agbede-méjì" bọ́ sí "ó ti le" tàbí kí ó padà. Ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀. Èkíní, àyẹ̀wò òru kan tí kò sọ bí ènìyàn ṣe dùbúlẹ̀ lè ṣì wá lọ́nà. Èkejì, 10 tí ó kù nígbà ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀ ṣì ju 5 lọ: ìdùbúlẹ̀ dín àìsàn rẹ̀ kù, kò wò ó sàn.

6.0 Ohun Tí Ènìyàn Lè Ṣe

Ọ̀nà àtijọ́ kan tí ó gbajúmọ̀ ni kí a rán àpò sí ẹ̀yìn aṣọ àwọ̀sùn, kí a sì ki bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀, bọ́ọ̀lù a gún un, a yí padà láìjí tán. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ a máa pa á tì nígbà tí ó bá yá nítorí ìnira. Ìrọ̀rí gígùn tí a tì sẹ́yìn rọrùn díẹ̀. Ohun èlò kékeré tún wà lóde tí a ń so mọ́ àyà tàbí ọrùn, tí yóò máa gbọ̀n bí ènìyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ìtọ́jú tí ó lágbára jù fún àìsàn tí ó ti le ni ẹ̀rọ CPAP, tí Colin Sullivan àti àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Ọsirélíà ní ọdún 1981. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ atẹ́gùn gba ìbòmú wọlé, atẹ́gùn yìí a sì la ọ̀fun sílẹ̀ bí ìgbà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bàlúù. Àkójọpọ̀ ìwádìí tí àjọ Cochrane gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé CPAP ń dín ìdíwọ́ èémí kù ju yíyí ìdùbúlẹ̀ padà lọ, ṣùgbọ́n pé àwọn ènìyàn a máa tẹra mọ́ ti ìdùbúlẹ̀ jù. Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀: kí a dín ọtí kù ní alẹ́, kí a má máa lo oògùn oorun láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́, kí a sì dín ara sísan kù, nítorí ọtí àti irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń mú kí iṣan ọ̀fun túbọ̀ dẹ̀.

Àwọn kan a máa sáré lọ gé bẹ́lúbẹ́lú lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe dókítà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gígé bẹ́ẹ̀ lè fa ẹ̀jẹ̀ dídà àti kòkòrò àrùn, ahọ́n tí ó ń ṣubú sẹ́yìn kò sì ní tìtorí rẹ̀ dúró.

7.0 Àwọn Tí Ọ̀rọ̀ Wọn Yàtọ̀

Ọmọ ọwọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibi bébà yìí lọ yí ọmọ ọwọ́ padà. Ẹ̀yìn ni ó yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan fi lélẹ̀ bí ó bá ń sùn, lórí ibùsùn tí kò rọ̀ jù, láìsí ìrọ̀rí. Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìpolongo èyí ní ọdún 1994, ikú òjijì àwọn ọmọ ọwọ́ lójú oorun dínkù gidigidi. Àwọn ìyá máa ń bẹ̀rù pé wàrà yóò fún ọmọ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, òkè ni kòmóòkun rẹ̀ wà sí ọ̀nà oúnjẹ, wàrà tí ó bá pọ̀ padà kì í sì í sábà ṣàn wọ̀ ọ́.

Aboyún. Láti ọ̀sẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n ni a ti ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn, nítorí ilé-ọmọ tí ó wúwo lè tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó wà lẹ́yìn.

Ọmọ ilé-ìwé. Ẹran ọ̀fun àti ti ẹ̀yìn imú tí ó wú ni ó sábà ń fa ti àwọn ọmọdé. Ìdùbúlẹ̀ nìkan kì í tó fún wọn. Ní ọdún 1998, David Gozal ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà lórí 297 ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ tí wọ́n wà nísàlẹ̀ kíláàsì wọn nínú ẹ̀kọ́. Ó rí 54 nínú wọn tí mímí wọn lójú oorun ní àléébù. Àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún tún ṣe dáadáa sí i nínú ẹ̀kọ́ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí àwọn tí òbí wọn kò gbà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọmọ mélòó ni a ti nà ní kíláàsì pé ọ̀lẹ ni, tí ó jẹ́ pé kò rí èémí mí lóru?

Ẹni tí ó dákú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dákú ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń mí, tí kò sì farapa lọ́rùn, kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí a sì wá ìrànwọ́. Ìdí kan náà ni: kí ahọ́n má ba à ṣubú dí ọ̀fun.

8.0 Ohun Tí Ó Kàn Wá ní Port Harcourt

Ìpàdé wa yìí wáyé ní ìlú tí ọ̀rọ̀ èémí ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn ará Port Harcourt ti ń rí èédú dúdú tí ń bà lé ọkọ̀, aṣọ àti ilẹ̀ ilé wọn. Èéfín ń bí imú nínú. Imú tí ó wú a sì máa mú kí àyà fa èémí tagbáratagbára, a mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí ọ̀fun tí ó dà bí ọ̀rá omi. Ẹni tí imú rẹ̀ bá ń dí lóru níláti tọ́jú imú náà pẹ̀lú.

Bákan náà, ìlú iṣẹ́ àṣekára ni. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ òru ní Eleme, àwọn mìíràn ń wakọ̀ lójú ọ̀nà East-West láti ìdájí. Nínú ìwádìí tí Ozoh àti àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2013 lórí àwọn awakọ̀ èrò ní ìlú Èkó, nǹkan bí ìdajì wọn ni ìdáhùn wọn fi hàn pé ewu èémí dídí lójú oorun pọ̀ fún. Àwa tí a wọ ọkọ̀ èrò wá síbí mọ ohun tí ìtòògbé lẹ́yìn sítíárì lè fà.

CPAP wọ́n lówó, ó sì ń fẹ́ iná mànàmáná ní gbogbo òru, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ bí iná ṣe ń ṣe. Nítorí èyí, ìmọ̀ nípa ìdùbúlẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré fún wa. Ẹni tí ó bá fura sí ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́jọ tí a ń pè ní STOP-BANG, tí Frances Chung àti àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Kánádà: ṣé o ń hanrun kíkankíkan? Ṣé ó ń rẹ̀ ọ́ lọ́sàn-án? Ṣé ẹnìkan ti rí i tí èémí rẹ dákẹ́ lójú oorun? Ṣé o ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé o sanra jù? Ṣé o ti ju ẹni 50 ọdún lọ? Ṣé ọrùn rẹ tóbi? Ṣé ọkùnrin ni ọ́? Ẹni tí ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ bá tó mẹ́ta, kí ó lọ rí dókítà. Bí ó bá tó márùn-ún, kí ó má ṣe fi falẹ̀. Ní ìlú yìí, ẹ̀ka tí ó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun wà ní University of Port Harcourt Teaching Hospital ní Alakahia.

9.0 Àgbálọgbábọ̀ àti Àbá

A ti rí i pé káà ọ̀fun kò ní ohun líle tí ó gbé e dúró, pé iṣan tí ó ń là á máa ń dẹ̀ lójú oorun, pé ìfẹ̀yìnlélẹ̀ ń gbé ahọ́n lé e lórí, àti pé ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀ ń gbé ahọ́n kúrò. A tún rí i pé ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀ kì í ṣe ìwòsàn fún gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, a dá àbá wọ̀nyí:

(i) Kí olùkọ́ fònẹ́tíìkì Yorùbá àti olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìlera jọ lo àwòrán ẹ̀yà ara ìfọ̀ kan náà láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE nípa ìfọ̀ àti mímí.

(ii) Kí a kọ́ olùkọ́ tí ó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ láti béèrè lọ́wọ́ òbí ọmọ tí ó ń sùn ní kíláàsì bóyá ọmọ náà ń hanrun, kí ó tó mú pàṣán.

(iii) Kí àwọn tí ó ń bójú tó ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ mọ àmì àìsàn yìí, kí wọ́n má sì jẹ́ kí a fi ẹni tí ó ń hanrun ṣe yẹ̀yẹ́.

(iv) Kí àwa fúnra wa tẹ́tí sí ẹni tí a jọ ń sùn. Ẹni tí ó sùn kò lè gbọ́ èémí ara rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún wa ní òwúrọ̀ ọ̀la pé èémí wa dákẹ́ lóru, kí a má fi ẹ̀rín gbé e kọjá.